Ọ̀já Aláwọ̀ Mẹ́ta Lábẹ́ Ìjókòó Bàálù Keje

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ sun òkú mi, tí wọ́n há ìwé pẹlẹbẹ yìí fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì máa fi fẹ́ra. Mo mọ̀ pé ooru ń mú nínú ọgbà tẹ́ńpìlì yẹn. Èmi náà ti jókòó níbẹ̀ rí, mo ti fi ìwé ìsìnkú ẹni ẹlẹ́ni lé eṣinṣin rí. Ṣùgbọ́n tèmi yìí, ẹ kà á kí iná tó jó dé àyà mi, nítorí òótọ́ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún méjìlélógójì, kò sì gbọdọ̀ bá mi jóná. Èmi ni Prayong, ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tún bàálù ogun ṣe. Ladda, ọmọ mi obìnrin, ti kọ ìtàn mi sílẹ̀ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ nílẹ̀ wa: oyè mi nínú iṣẹ́ ológun, àmì ẹ̀yẹ mẹ́ta tí ìjọba fi sí mi láyà lẹ́yìn ogun, òrùlé tẹ́ńpìlì tí mo bá wọn tún ṣe. Ó kà á sí mi létí, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní kó pa á tì, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Ó rò pé ìgbéraga àgbà ló ń ṣe mí, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé bíírò wá fún mi.

Ó ku nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí ogun dé nígbà tí àwọn bàálù ogun tuntun wọlé. A kàn ń gbọ́ nígbà náà pé àwọn Faransé tó wà lódìkejì odò Mekong ń fi ojú burúkú wò wá, àti pé àwọn ará Japan ń jẹ ilẹ̀ Ṣáínà díẹ̀díẹ̀, ìjọba wa sì sọ pé a ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ òfo. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà wọ́n, nínú àpótí onípákó gìrìwò. Ọkọ̀ ojú omi gbé wọn dé Bangkok, ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé pápá bàálù wa ní Thung Khao, láàárín oko ìrẹsì. Ìgbà òjò ni. Omi ti bo oko náà dé ibi tí ojú lè rí mọ, ọ̀run sì wà nínú omi, débi pé tí èèyàn bá ń rìn lórí ebè, yóò máa ṣe é bí ẹni pé òun ń rìn láàárín ọ̀run méjì. Tí mo bá rántí àwọn ọjọ́ yẹn báyìí, ohùn kankan kì í sí nínú wọn. Àwọn èèyàn ń la ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, n kò gbọ́ nǹkan kan. Òórùn pákó tuntun nìkan ni mo ń gbọ́, àti òórùn òróró ẹ́ńjìnnì, àti afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi bọ̀.

Àwọn bàálù tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ wọn máa ń nà sílẹ̀ nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ nílẹ̀, ì báà jẹ́ lókè. Àwọn tuntun yìí ń ká ẹsẹ̀. Tí awakọ̀ bá ti gbéra, yóò di irin kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, yóò yí i nígbà márùndínlógójì, ṣéènì kan yóò sì máa fa táyà méjèèjì wọ inú ikùn bàálù. Tó bá fẹ́ balẹ̀, yóò yí i padà, ẹsẹ̀ yóò jáde. Ọjọ́ tí òyìnbó tó tẹ̀lé àwọn bàálù náà wá láti kọ́ wa kọ́kọ́ ṣe é hàn wá, Ẹ̀gbọ́n Sanguan wò ó títí, ó ní bàálù ará Amẹ́ríkà yìí mà mọ ẹ̀kọ́ ilé o, ó ń ká ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìyá òun ṣe ń ká a tó bá jókòó kí àlùfáà. Gbogbo pápá fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe kíká ẹsẹ̀ bàálù ní kíkí àlùfáà. Tí bàálù kan bá ti gbéra, ẹnìkan á béèrè pé, ṣé ó ti kí àlùfáà? Ẹlòmíì á ní, ó ti kí i, ó kù kó gba àdúrà.

Ẹ̀gbọ́n Sanguan yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Mẹkáníìkì bíi tèmi ni, ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di irin mú. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, ṣíbí kọ̀ọ̀kan ló fi ń fi ìrẹsì oní-omi sí mi lẹ́nu, ó sì ń bú mi bó ṣe ń fún mi pé mi ò ní tìtorí ọ̀lẹ kú mọ́ òun lọ́wọ́. Bàálù keje nínú wọn ni wọ́n fi sí ìtọ́jú àwa méjèèjì: ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ tèmi, ẹsẹ̀ àti ṣéènì ni tirẹ̀. Kì í fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí igi fi gíríìsì sí ṣéènì bí àwọn tó kù. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń kùn ún, ojú ṣéènì kọ̀ọ̀kan, yóò máa kà á sókè, tó bá parí yóò nu ìka náà sí àyà ẹ̀wù rẹ̀ lápá òsì. Gbogbo ẹ̀wù rẹ̀ ló ní àbààwọ́n níbi kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọ̀já. Nílẹ̀ wa, ohunkóhun tó bá ń gbé èèyàn rìn ní ìyá kan tó ń gbé inú rẹ̀. Mae Ya Nang là ń pè é. A máa ń so ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ imú ọkọ̀ fún un, a ó fi òdòdó sí i, a ó bẹ̀ ẹ́ kó má sùn. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ìrẹsì ni wọ́n bí mi sí, lórí odò. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi bá ẹnìkan wa ọkọ̀ tuntun tí wọn kò tíì so nǹkan kan mọ́ nímú, nítorí pé olọ́kọ̀ ń kánjú. Ọ̀sán gangan ló rì pẹ̀lú bàbá mi, lórí odò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá mi ò sọ pé ẹrù ló pọ̀ jù, kò sì sọ pé pákó ló là. Ó ní ọ̀já ni wọn ò so. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn dàgbà.

Nígbà tí a to bàálù àkọ́kọ́ pọ̀ tán, àlùfáà wá láti tẹ́ńpìlì, ó fi ẹfun pípò tọ́ ọ níwájú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọ́n omi sí i. Ọ̀gbẹ́ni Hadley, òyìnbó olùkọ́ wa, yọ fìlà títí àdúrà fi parí. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé ọ̀já jáde báyìí, ó na ọwọ́ sókè. Ògbufọ̀ sọ fún wa pé aṣọ kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ohunkóhun tó ń yí lára bàálù yìí, àti pé ohun tó ń yí lára rẹ̀ ju èyí tí ojú wa rí lọ. Ọ̀gá pápá gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di òfin. Àwa mẹkáníìkì ń kùn. Ẹ̀gbọ́n Sanguan nìkan ni kò kùn, ó ní ìyá náà á mọ̀ pé òfin ìjọba ni, kó ṣáà fara dà á láìwọṣọ fún ìgbà díẹ̀, ooru kúkú ń mú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ò dénú.

Ọ̀gá Wichan, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa, ni wọ́n fún ní bàálù keje. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń súfèé láìmọ̀ pé òun ń súfèé. Ìyá rẹ̀, Ìyá Phian, máa ń fi àgbọn àti ìrẹsì ṣe ìpápánu dídùn tí wọ́n dì sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo ìgbà tí Wichan bá sì ti ilé dé, tiwa mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ máa ń pín kó tó kan àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ gbé bàálù keje lọ sókè, ó tẹ̀ sí mi létí.

“Yong,” ó ní, bí gbogbo wọn ṣe ń gé orúkọ mi kúrú, “ìyá inú bàálù wa ńkọ́? Ṣé ó wà nínú eléyìí báyìí?”

“Ó wà níbẹ̀, Ọ̀gá.”

Kò sí níbẹ̀. Mo parọ́ fún un kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó gbéra, ó fò, ó sì padà wálẹ̀ láyọ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo èèyàn lọ jẹun ọ̀sán, mo ká ọ̀já náà mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, mo wọ inú bàálù keje láti sọ irọ́ mi di òótọ́. Mo wá ibi tí òyìnbó ò ní bẹ̀rẹ̀ wò. Mo rí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ìjókòó, mo so ó mọ́ ọn ní kókó mẹ́ta, mo forí kanlẹ̀. Ṣéènì ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ sí i. Mo rí i. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé mi ò rí i. Mẹkáníìkì ni mí, ojú mi sì dá ṣáká. Mo rò pé kókó mẹ́ta tó.

Ó fò dáadáa ju oṣù kan lọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, òjò ti rọ̀ mọ́jú, àárọ̀ sì mọ́ lóló. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Sanguan ń fi gíríìsì sí ṣéènì. Mo gbọ́ tó ń kà á. Mo rí i tó nu ìka sí àyà. Wichan gbéra, ó kí àlùfáà, ó wọ inú ìkuukùu funfun, a ò rí i mọ́, a kàn ń gbọ́ ọ níbi kan bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló jáde. Ìkejì yọ dé ìlàjì, ó dúró. Ó yí wa ká. Ó tún yí wa ká. Ó rẹlẹ̀ débi pé mo rí èjìká rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bó ṣe ń fi gbogbo agbára yí irin náà. Ẹ̀gbọ́n Sanguan di apá mi mú, ó ń sọ pé, “Yí i padà, Ọ̀gá, yí i padà kó o tún un yí.” Ó ti yé mi. Bí mo ṣe dúró síbẹ̀ báyìí, mo ń rí àwọ̀ mẹ́ta náà bí wọ́n ṣe ń wé mọ́ ṣéènì nínú òkùnkùn abẹ́ ìjókòó, àwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Epo rẹ̀ tán. Ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, apá bàálù gbá ilẹ̀, ó yí gbiri jáde kúrò lórí pápá, ó dojú dé nínú oko ìrẹsì. Omi tú sókè, ó sì tún tòrò. Gbogbo wa sáré, ṣùgbọ́n èmi ni mo yára jù, mo sì mọ ìdí tí mo fi yára. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kú. Mo na ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó, mo fi ọ̀bẹ gé ọ̀já náà, mo fà á jáde, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò. Ó tutù, ó sì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn yòókù dé.

Ọ̀gá ológun mẹ́ta ni wọ́n rán wá láti Bangkok láti wádìí. Hadley yẹ ṣéènì náà wò, ó ní nǹkan ló mú un tó fi há, ó lè jẹ́ pé gbígbẹ ló gbẹ. Ẹrẹ̀ àti omi ti wọ gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá gíríìsì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n pe Ẹ̀gbọ́n Sanguan. Ó ní òun fi gíríìsì sí i. Wọ́n béèrè ẹni tó rí i. Ó ní Prayong wà níbẹ̀. Ó sọ orúkọ mi pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bí ẹni tó na ọwọ́ sẹ́yìn láti fa àga tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n pè mí wọlé. Gbogbo ohun tí mo nílò láti sọ ò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n tí gíríìsì bá wà níbẹ̀, wọ́n á wá nǹkan mìíràn tó mú ṣéènì náà, wọ́n á béèrè ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀já náà ṣì wà lábẹ́ ẹní mi, kò tíì gbẹ. Mo wo ilẹ̀. Mo ní mo rí i tó gbé agolo gíríìsì, mo ní ẹnìkan pè é síta, mo ní mi ò rí i kó padà wá.

Mo rò pé yóò fò mọ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Kò binú. Ó kọjú sí mi, ó ń wò mí, ó ń ronú bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó gbé sí ibi kan. Nígbà tó yá, ó kọjú sí àwọn ọ̀gá náà.

“Bí Yong bá ní bẹ́ẹ̀ ló rí, á jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní. “Kò parọ́ fún mi rí. Ó ní láti jẹ́ pé mo gbàgbé.”

Ẹ gbọ́ o. Ó gbà mí gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ó bú mi, tó bá pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ níwájú wọn, bóyá òótọ́ ìbá jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n já oyè rẹ̀, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fi sẹ́wọ̀n ọdún kan àtààbọ̀. Ipò rẹ̀ ni wọ́n gbé mi sí. Nígbà tí ogun dé, tí a kọ́kọ́ bá àwọn Faransé jà, tí àwọn ará Japan tún wá gúnlẹ̀ sí etíkun wa, èmi ni olórí àwọn tó ń tún àwọn bàálù náà ṣe. Àwọn tó mọṣẹ́ ò tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ kan máa dà mí láàmú, tí màá fẹ́ yí sẹ́yìn láti béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Sanguan. Nígbà tí wọ́n ń fi àmì ẹ̀yẹ sí mi láyà, ibi tó bọ́ sí gan-an ni ibi tí Ẹ̀gbọ́n máa ń nu ìka sí.

Mo gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ogun lẹ́nu ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́. Ó ti padà sí abúlé rẹ̀, ó ń ṣe ṣúgà láti ara ọ̀pẹ. Ẹni náà ní ọdọọdún, ní ọjọ́ tí Wichan kú, Sanguan máa ń wọ ọkọ̀ lọ sílé Ìyá Phian láti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìyá náà da omi fífọ̀ abọ́ sí i lára. Lọ́dún kejì, kò ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún kẹta, ó ní kó wọlé wá jẹun. Báyìí, “ọmọ mi” ni ìyá náà ń pè é. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ń fi omijé sọ ọ́, ó ní irú èèyàn báyìí ò pọ̀ mọ́ láyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bu ọbẹ̀ sí ìrẹsì mi, mo sì ń jẹun lọ. Mi ò lọ sí ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, mi ò sì fi lẹ́tà ránṣẹ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí nígbà tí mo fi bíírò sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Dókítà ti sọ fún Ladda pé ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀. Mo ka ohun tí mo ti kọ, ó sì dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi jù. Mo wá rí i pé ìgbà tí mo bá ti kú ni ẹnikẹ́ni máa tó kà á. Ẹ̀gbọ́n Sanguan ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó lè ṣáájú mi lọ, kó gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi dé ayé tó ń bọ̀, kí èmi sì wà nílé tí mò ń fi bíírò jẹ́wọ́ fún bébà. Mo tún ń sá. Mo ní kí Ladda gbé mi lọ sí abúlé rẹ̀ ní Suphan.

A bá a lábẹ́ ilé rẹ̀, láàárín àwọn òpó tó gbé ilé náà dúró, ó ń ro omi ọ̀pẹ lórí iná. Èéfín náà dùn, ó sì bo ojú rẹ̀ títí mo fi súnmọ́ ọn. Ó mọ̀ mí. Ó ní, “Yong, o ti gbẹ báyìí,” ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé ẹní wá. Mi ò jókòó sórí ẹní. Orí ilẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀já, kókó mẹ́ta, ọ̀bẹ, ohun tí mo sọ níwájú àwọn ọ̀gá. Omi ọ̀pẹ náà hó, ó hó títí ó fi jóná, kò sẹ́ni tó rò ó.

“Á jẹ́ pé mo fi gíríìsì sí i,” ó ní.

“Ẹ fi sí i, Ẹ̀gbọ́n.”

“Gbogbo ojú rẹ̀?”

“Gbogbo ojú rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹ̀ ń kà á.”

Ó gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. Ó sọ fún mi pé òun ti lá àlá àárọ̀ ọjọ́ yẹn láìmọye ìgbà. Nínú àlá mìíràn òun á fi gíríìsì sí i, nínú òmíràn òun á gbàgbé. Èyí tí òun ti ń fi sí i ló máa ń ba òun lẹ́rù jù, torí òun á jí pẹ̀lú ayọ̀, òun á wá rántí pé irọ́ ni, pé ọkàn òun ló ń tan òun kó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ó ní òun ti bẹ àlùfáà abúlé kó gbàdúrà kí irú àlá yẹn má wá mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó bú sẹ́kún, èmi náà ò lè gbé ojú sókè. Ladda ti dìde, ó ti lọ dúró létí ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa.

Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè ohun tí mi ò retí. Ó ní, “Nígbà tó o débẹ̀, ṣé Wichan ti kú lóòótọ́?”

Mo kọ ọ́ sókè níbẹ̀ yẹn pé ó ti kú. Mi ò ní pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ wá sun, ẹni tó ń jẹ́wọ́ tó sì tún ń parọ́ nínú ìjẹ́wọ́. Wichan ò tíì kú. Bẹ́líìtì ìjókòó ló gbé e kọ́, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, omi oko fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irun rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Ó rí mi. Ó na ọwọ́ sí mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ yẹn kọjá, mo na tèmi sí abẹ́ ìjókòó. Mo ti so kókó mẹ́ta náà le jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo gé wọn, bàálù náà sì ń rì sínú ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìdún. Nígbà tí mo fa ọ̀já jáde tán tí mo wo ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ ti wà nínú omi. Dókítà kọ ọ́ pé ọrùn ló kán. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò dúró mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Sanguan náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, láìsí ìbínú.

“Ti gíríìsì, mo dárí rẹ̀ jì ọ́. Tèmi nìyẹn, mo lè dárí rẹ̀ jì. Èyí tó kù yìí kì í ṣe tèmi. Dìde, kí a lọ bá ìyá.”

Ìyá Phian ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó jókòó lẹ́nu àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ létí odò, òjò ń ṣú bọ̀. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ní, “Sanguan, o tètè dé lọ́dún yìí. Ṣé o ti jẹun?” Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tì mí síwájú. Mo ní, “Èmi kọ́ ni Sanguan, Ìyá,” mo sì sọ ẹni tí mo jẹ́ àti gbogbo ohun tí ẹ ti kà yìí. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ mi, mo ní láti gbé ohùn sókè, ó dà bí ẹni pé mò ń pariwo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún odò. Nígbà tí mo parí, ó béèrè nǹkan kan ṣoṣo.

“Ọwọ́ tó nà yẹn, ṣé o mú un?”

“Mi ò mú un, Ìyá.”

Ó ní gbogbo sójà tó wá kí òun nígbà náà ni òun béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ẹnìkan di ọmọ òun lọ́wọ́ mú, gbogbo wọn ló sọ pé ó ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun sì ti fi ìyẹn tu ara òun nínú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí mi nínú òjò. Ó ní, “Mú un.” Mo mú un. Mo rò pé yóò fà á padà. Kò fà á. Mo di ọwọ́ yẹn mú títí òjò fi dá, ó gbẹ, ó sì fúyẹ́. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò ní ẹnu láti béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tún àwọn bàálù tuntun òde òní ṣe, mo gbọ́ pé ẹ ṣì ń so ọ̀já. Mi ò ní kí ẹ má so ó. Ìyá mi bí mi sínú rẹ̀, mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a níbi tó wà. Tí ẹnìkan bá na ọwọ́ sí yín, ọwọ́ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ohun tó wà lábẹ́ ìjókòó tú yín fó tó bá fẹ́.

Ní ti èmi, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí tí ẹ bá lè ṣe é. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní gbọ́. Nǹkan kan ló wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín ṣe fún mi kí wọ́n tó tanná. Ọkùnrin arúgbó kan yóò wọlé wá láti Suphan. Ó ṣèlérí fún Ladda pé òun yóò wá. Ní pápá Thung Khao, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa awakọ̀ kan nítorí àìbìkítà, ọdún méjìlélógójì ló sì fi ń kúnlẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Sanguan ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó bá wọlé, ẹ jọ̀wọ́, gbogbo yín, ẹ dìde fún un kó tó jókòó.